Etí Bàámi àti Páìpù Tuntun

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje 2025

Ọkọ̀ mi tún dójú tì mí lónìí. Mo kúrò ní Ìkàrẹ́ láago mẹ́sàn-án, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí mo fi dé ìsàlẹ̀ òkè Ọ̀kà. Mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Ibi tí mo ti ń rá pálá ni Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa, ti gbé jíìpù rẹ̀ kọjá lára mi. Ó tẹ họ́ọ̀nù, ó sì juwọ́ sí mi bí ẹni ń kí arúgbó. Ọkọ̀ tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, tí mo fi odidi ọdún mẹ́ta dá àjọ kí n tó rà á!

Bàámi ti wà lórí àpáta iwájú ilé kí n tó dé. Ọdún kẹfà rèé tí ojú wọn ti lọ tán, ṣùgbọ́n láti kọ́nà ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọkọ̀ mi. Wọ́n ní tọ́bò rẹ̀ ń súfèé, pé kò sí ọkọ̀ míì tó ń súfèé bẹ́ẹ̀ lọ́nà yìí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á pe Mary, ọmọ àbúrò wọn tó ń tọ́jú wọn, "Gbé omi kaná, Déwùnmí ti ń bọ̀," wọ́n á sì mú ọ̀pá, wọ́n á bọ́ síta. Kí n tó páàkì, iṣu á ti wà lórí iná.

Lónìí, mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi ní, "Ọkọ̀ ẹ ń mí bí ẹni tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Ibi tí èéfín ń gbà jáde lábẹ́ tọ́bò ti dí." Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa lọ́rì gẹdú láti Ìkàrẹ́ lọ sí Èkó. Síbẹ̀ èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní físíìsì ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé epo burúkú ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá jẹun.

Ajé, 7 Oṣù Keje

Mo gbé ọkọ̀ lọ fún Ezekiel mẹkáníìkì lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn sípánà gbá dáùn páìpù, ìyẹn páìpù ńlá tó gba èéfín lẹ́nu tọ́bò. Nǹkan ń dún gbàlàgbàlà nínú rẹ̀. Ó ní kátálíìsì tó wà nínú páìpù yẹn, òkúta oníhò tó dà bí afárá oyin tó ń sẹ́ èéfín, ti fọ́, ó sì ti dí ọ̀nà. Ohun tí àgbàlagbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun òkè kò ní rí i. Bàámi ò tiẹ̀ ríran rárá.

Ezekiel ní ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tí kò ní owó tó lè ra tuntun láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Kí n ra tòkunbọ̀ irú èyí tó wà níbẹ̀ gan-an, tí kátálíìsì rẹ̀ ṣì le. Tàbí kí n ra páìpù gbòòrò tí àwọn ọlọ́kọ̀ eré ń lò, tí kò ní nǹkan kan nínú.

"Àǹtí, èyí tí ò ní nǹkan nínú ni kẹ́ ẹ gbé. Ẹ ẹ̀ ní mọ̀gbà tẹ́ ẹ máa dé Ọ̀kà."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Òjò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Epo ti di ₦920 lítà kan. Iṣu tuntun ti dé, mo ra mẹ́ta sílẹ̀ fún Bàámi.

Ẹtì, 11 Oṣù Keje

Àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, èmi ń wo páìpù lórí fóònù lábẹ́ tábìlì bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jíwèé wò. Àbúrò mi Iyìọlá ló fi àwòrán wọn ránṣẹ́ láti Èkó. Tòkunbọ̀ tó ní kátálíìsì jẹ́ ₦240,000. Páìpù gbòòrò tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe jẹ́ ₦185,000. Òmíràn wà tó dúdú, ₦110,000, ṣùgbọ́n òjò Àkókó á jẹ ẹ́ tán láàárín ọdún méjì. Mo tún bi í pé ṣé ihò sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn èéfín wà lára páìpù gbòòrò náà, ṣé ó ní ibi tó rọ̀ láàárín kí ó má baà sán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń mì. Ó ní gbogbo rẹ̀ wà.

Ó wá pè mí. "Sístà mi, ẹ kì í ṣe ọmọ ọdún méjìdínlógún mọ́. Kí lẹ fẹ́ fi ariwo ṣe?"

Mo ní kì í ṣe ariwo ni mò ń wá, agbára ni. Ó ní òun ti gbọ́.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje

Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Bàámi nígbà tí a jẹun tán. Wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ra irú èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní èkejì dín lówó, ó sì lágbára jù ú lọ.

"Ohùn ọkọ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n, Déwùnmí. Nígbà tí mò ń wa lọ́rì, ìyá ẹ á ti gbọ́ mi láti ọ̀nà Etíòrò. Kí n tó wọ ulé, omi ìwẹ̀ mi á ti gbóná. Àwọn lọ́rì mọ́kànlá ló ń gba ibí kọjá nígbà náà o. Kò ṣì í gbọ́ rí." Wọ́n ń fọwọ́ pa ọ̀pá wọn. "Èmi náà ò tíì ṣi ọkọ̀ tìẹ gbọ́ rí."

Mo ní ohùn rẹ̀ ò ní yí padà púpọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Fídíò páìpù náà tí Iyìọlá fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù mi, mo sì ti gbọ́ bó ṣe ń bú ramúramù.

Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Keje

Mo ti sanwó páìpù gbòòrò.

Kí n má purọ́ fún ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Kì í ṣe torí ₦55,000 tó fi dín. Àná, níwájú gbogbo tíṣà, Adébíyìí ní, "Ìyáàfin Físíìsì, tẹ́ ẹ bá ti ń dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹ máa flash mi kí n wá bá yín tì í." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àní ìyá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ilé-ìwé parí, mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fi owó ránṣẹ́ sí Iyìọlá. Inú ń bí mi, mo sì rò pé ìpinnu ni mò ń ṣe.

Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Keje

Mi ò lè lọ sí Ọ̀kà lónìí. Ọgbà mẹkáníìkì ni mo wà láti aago mẹ́jọ. Páìpù ti dé lánàá, wọ́n fi àpò ìrẹsì wé e, ó ń dán gbinrin.

Bóòtù mẹ́rin ló so ti àtijọ́ mọ́ ẹnu tọ́bò, ìpẹtà sì ti jẹ gbogbo wọn pọ̀. Ezekiel da kẹrosíìnì sí wọn, ó dúró, ó tún da òmíràn. Méjì tú. Méjì kán sínú ihò, ó sì fi wákàtí kan àbọ̀ lu wọ́n jáde. Mò ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, mò ń gbàdúrà kó má ba tọ́bò jẹ́. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí kì í jẹ́ kí èéfín jò sí i, ó dè é, ìdí rẹ̀ ò wá bá sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn tó ń pa ariwo mu. Ó kù ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Rufus, wẹ́dà tó wà lódìkejì, gé irin, ó sì jó o pọ̀.

Ọkùnrin tó ń ra kóńdẹ̀m, àwọn irin tó ti bàjẹ́, ti dé kó tó jó o tán. Ní ọgbà yẹn, ohun tí wọ́n bá yọ kì í sùn síbẹ̀, pàápàá kátálíìsì, torí irin olówó iyebíye wà nínú rẹ̀. Ezekiel bi mí, "Àǹtí, àbí ẹ fẹ́ gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ sílé?" Mo ní kí ni mo fẹ́ fi páńda ṣe. Ọkùnrin náà fún mi ní ₦85,000. Níwájú mi ló ti fi òòlù fọ́ ọ, tó da òkúta eléérú inú rẹ̀ sínú àpò, tó sì ju irin rẹ̀ sórí ọmọlanke. Mo ka owó mi, mo tì í sí báàgì.

Nígbà tí Ezekiel ta iná sí ọkọ̀, adìẹ tú ká. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré.

Àìkú, 20 Oṣù Keje

Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kọjá sí Ọ̀kà. Adébíyìí àti ìyàwó rẹ̀ wà níwájú mi ní kọ́nà kejì. Mo tẹ iná. Ọlọ́run mi, ọkọ̀ yẹn fò! Mo kọjá lára jíìpù wọn bí ẹni pé wọ́n páàkì ni. Mo rí ẹnu Adébíyìí tó là sílẹ̀ nínú díńgí. Mò ń kọrin títí mo fi dé ẹnu ilé wa.

Kò sí ẹnì kankan lórí àpáta.

Mary sáré jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Nínú pálọ̀, Bàámi gbé orí sókè. "Ta ló gbé lọ́rì wọ ulé wa?"

"Bàámi, èmi ni."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan ojú mi, etí mi, gèlè mi. "Ùwọ rèé?"

A fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀rín. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi ọkọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e níwájú, wọ́n ní kí n ta iná sí i. Nígbà tí ó bú, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ bo imú. Wọ́n ní, "Ó lágbára." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé kí ni mo fi ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Mo ní mo ti tà á. Wọ́n fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọlé.

Iná ò tíì sí nílé ìdáná. Aago mẹ́ta kọjá ká tó jẹun.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Keje

Mo tẹ Mary láago kí n tó kúrò ní Ìkàrẹ́, mo ní kó sọ fún Bàámi pé mo ti ń bọ̀. Mo wá yà ra epo, ìlà gùn. Ìgbà tí mo dé, wọ́n wà lórí àpáta, òógùn ń ṣàn lọ́rùn wọn. Mary ní ó ti lé ní wákàtí kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀, wọn ò gbà kí òun mú wọn wọlé. Iṣu ti jiná jù, ó ti domi. A fi ẹ̀kọ jẹ ẹ̀fọ́.

Bàámi ní, "Fóònù ò lè sọ ibi tó o dé fún mi."

Iná pupa rúsúrúsú kan ti tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ezekiel ní sẹ́ńsọ̀ ló ń wá kátálíìsì kiri, kí n fi bébà lẹ̀ ẹ́.

Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Mary pè mí lówùúrọ̀, ohùn rẹ̀ ò dáa.

Ó ní lánàá, Ọjọ́bọ̀, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Bàámi jókòó nínú pálọ̀, wọ́n sì ṣàdédé nàró. "Gbé omi kaná, Déwùnmí ti ń bọ̀." Mary ní, Bàbá, Ọjọ́bọ̀ nìyí, Àbámẹ́ta ló ń wá. Wọ́n ní mo ti gba ìsinmi, pé àwọn gbọ́ tọ́bò tó ń súfèé ní kọ́nà, pé ó jọ pé mo ti dá ohùn ọkọ̀ náà padà. Inú wọn dùn. Wọn ò dúró mú fìlà.

Àlejò kan tó ń kọ́lé lókè lọ́hùn-ún ló ni ọkọ̀ náà, irú tèmi gan-an ni. Mary ní Bàámi dúró lórí àpáta nínú òjò, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà kọjá. Wọn ò sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ré òkè kọjá tán. Mary ń sọ fún wọn pé èmi kọ́, àfi bí ẹni pé wọn ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní, "Kò yà." Kò ju ìyẹn lọ. Mary gbé omi kúrò lórí iná.

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, mo sì jẹ gbogbo tèmi lónìí.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ

Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Kò sóhun tó bàjẹ́." Wọ́n ń wúkọ́, òjò ọjọ́sí ló wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n bèèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Ìkàrẹ́.

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Mo wá ọkùnrin oníkóńdẹ̀m dé Ọ̀bà. Mo bá a níbi tó ti ń kó irin sínú ọkọ̀ àjàgbé. Mo ní kó bá mi wá ìkarahun páìpù yẹn nìkan, Rufus á wá nǹkan kì bọ inú rẹ̀ kí ohùn ọkọ̀ lè padà. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ sì kawó yín. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn ti dé Èkó, á ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi."

Mo gba ojúlé Ezekiel kọjá, mi ò yà kí i. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ kúkú ni. Òun ló bi mí bóyá mo fẹ́ gbé e lọ sílé.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Rufus jó sàlẹ́ńsà ńlá kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ₦30,000. Ariwo ti wálẹ̀. Mo ní kí Mary mú Bàámi jókòó síta kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé kọ́nà, mo tún gun òkè padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Wọ́n tẹ́tí, wọ́n tẹ́tí. "Ó fara jọ ọ́. Bí àbúrò rẹ̀ ló ṣe rí." Wọ́n tún sáré ní, "Má náwó sí i mọ́ o. Ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́."

Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Iyìọlá rí tòkunbọ̀ tó ní kátálíìsì. Èyí tó jẹ́ ₦240,000 lóṣù tó kọjá ti di ₦275,000. Kò bú mi, kò rán mi létí ohun tó ti sọ. Ó kàn ní òun á fi ₦50,000 kún un, nítorí Bàámi.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Páìpù ò tíì dé. Ọkọ̀ tó gbé e bàjẹ́ lọ́nà Ọ̀wọ̀. Ikọ́ Bàámi ti lọ, ọpẹ́ ni.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Mi ò lọ sí Ọ̀kà, a de páìpù. Lọ́tẹ̀ yìí bóòtù tú wọ́ọ́rọ́wọ́, ihò bá ihò mu, Rufus ò jó nǹkan kan. Kí aago méjì tó lù, a ti parí. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Oníkóńdẹ̀m ń rìn gbéregbère lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì gbé páìpù gbòòrò sínú bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Ezekiel tẹ iná díẹ̀, ó tú u sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ: ìfé kékeré, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìgbà tí omi fẹ́ hó nínú kẹ́tùlù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ yìí láìgbọ́ ọ rí, nítorí rédíò ni mo máa ń yí sókè.

"Àǹtí, ẹ wò ó, ó ti padà sí bó ṣe wà," Ezekiel ní.

Àìkú, 24 Oṣù Kẹjọ

Mi ò tẹ ẹnikẹ́ni láago. Mo fẹ́ kí Bàámi gbọ́ ọ fúnra wọn.

Mo pa rédíò, mo ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, mo rọra tẹ iná kí tọ́bò lè súfèé dáadáa. Adébíyìí wà lẹ́yìn mi, ó fẹ́ kọjá. Mo yà fún un. Ó tẹ họ́ọ̀nù, ó juwọ́, mo juwọ́ padà, kò dùn mí rárá. Gbogbo ohun tí mò ń wò ni orí òkè, ibi tí àpáta wa ti máa ń yọ.

Kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo sáré wọlé. Bàámi jókòó sórí àga wọn, ara wọn le, ọ̀pá wà láàárín orúnkún wọn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti dé fìlà.

"Bàámi, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Láti kọ́nà ni mo ti gbọ́ ọ."

"Ṣé ohùn rẹ̀ ò bá ti tẹ́lẹ̀ mu ni?"

"Ó bá a mu. Òun gan-an ni."

"Ẹ ẹ̀ wá jáde."

Wọ́n yí ọ̀pá náà lọ́wọ́. Wọn ò bínú, ohùn wọn tutù bí ìgbà tí wọ́n bá ń bèèrè iye iṣu. "Mo ti jáde sí i nígbà kan, kò yà. Mo ní kí n jókòó, bó bá jẹ́ ùwọ ni, wàá wọlé." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Etí mi ni mi ò gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, Déwùnmí. Kì í ṣe ùwọ."

Mary ń wo ilẹ̀. ₦275,000 ni a fi ra ohùn padà, ṣùgbọ́n ohun tó bàjẹ́ kò sí lára ọkọ̀.

Mo wọ ilé ìdáná. Ààrò tutù. Mo dá iná, mo bó iṣu, mo gbé omi kaná fúnra mi. Bàámi gbọ́ ìró ìkòkò, wọ́n sì pè láti pálọ̀ pé ta ló wà nídìí iná.

Mo ní, "Èmi ni, Bàámi. Èmi Déwùnmí ni." Mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè dá wọn lójú.